Sísọ̀kalẹ̀ sínú ilẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀: ìbéèrè yín àti ìdáhùn wa

Nínú ìwé ìròyìn wa tó ṣáájú èyí, a sọ̀rọ̀ ní ṣókí nípa irú ibi ìgbafẹ́ kan tó wà ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, níbi tí àwọn àlejò ti ń gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ sínú ilẹ̀ láti fi ojú ara wọn rí erùpẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi sìmẹ́ǹtì bò, kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n sì gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ lẹ́yìn náà wá láti Ilé-Ifẹ̀, díẹ̀ sì wá láti Ìlésà. Èyí kò yà wá lẹ́nu, nítorí pé Ifẹ̀ ni ìtàn wa sọ pé Odùduwà ti da yẹ̀pẹ̀ sórí omi, tí àkùkọ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún sì tàn án ká. Mẹ́fà nínú àwọn lẹ́tà náà nìyí, pẹ̀lú ìdáhùn wa.

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ihò inú àpáta ni ẹ ń pè ní ibi ìgbafẹ́ abẹ́ ilẹ̀, àbí nǹkan mìíràn? Bí ó bá jẹ́ ihò àpáta ni, àwọn ọmọ ilé ìwé mi ti gun Olúmọ. Kí ló tún wá kù tí a fẹ́ lọ wò? — *Olùkọ́ ilé ìwé gírámà kan, Lágere, Ilé-Ifẹ̀*

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Ihò àpáta wà lára wọn, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni wọ́n. Ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ibi ìwakùsà iyọ̀ tó wà ní Wieliczka, lẹ́bàá ìlú Kraków ní Poland. Láti ọ̀rúndún kẹtàlá ni wọ́n ti ń wa iyọ̀ níbẹ̀, àwọn awakùsà sì gbẹ́ gbọ̀ngàn, ère àti ilé ìjọsìn sára iyọ̀ náà gan-an. Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn ilé ìjọsìn náà jìn tó nǹkan bíi mítà 100 sí ojú ilẹ̀. Àjọ UNESCO kọ orúkọ ibi ìwakùsà náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé ní ọdún 1978, ní ọdún kan náà tí wọ́n kọ ti Lalibela ní Ethiopia, níbi tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì àtijọ́ ti gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì 11 sínú àpáta, débi pé ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ lè máa wo òrùlé ọ̀kan nínú wọn nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ ohun tí a ní lọ́kàn jù, orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà. Ní ọdún 1977, oníṣẹ́-ọnà ará Amẹ́ríkà kan, Walter De Maria, kó erùpẹ̀ kún inú ilé ńlá kan ní New York. Erùpẹ̀ náà ga tó sẹ̀ǹtímítà 56, ó sì wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 127. Wọn kò gbin nǹkan kan sí i. Wọ́n máa ń bomi rin ín, wọ́n máa ń há a kí ó lè rí bákan náà, àlejò á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà láti wò ó, òórùn ilẹ̀ tútù á sì bo gbogbo ibẹ̀. Àwọn ọmọ yín gun àpáta ní Olúmọ, ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ yìí ni ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ lójoojúmọ́ láti ilé dé ilé ìwé, tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tíì rí inú rẹ̀ rí.

Ìbéèrè: Ìdílé wa ní ilẹ̀ ní ẹ̀yìn agbo ilé wa. A fẹ́ gbẹ́ yàrá kan síbẹ̀ tí yóò jìn tó mítà mẹ́fà, kí a ṣe àtẹ̀gùn sí i, kí a má sì rẹ́ ògiri rẹ̀ rárá, kí àwọn àlejò tó ń wá síbi ọdún Ọlọ́jọ́ lè máa sọ̀kalẹ̀ wá fọwọ́ kan ilẹ̀ Ifẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí a bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó dé. Kí ni kí a ṣe, kí ni kí a má ṣe? — *Ọmọ ìdílé kan, Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀*

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrònú rere. Ìmọ̀ràn wa àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má tíì ti ọkọ́ bọ ilẹ̀ náà, bí ó ti wù kí òjò sún mọ́ etílé tó.

Ilẹ̀ àárín ìlú Ifẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Ní ọdún 1938, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, ni wọ́n ti kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń wárí fún títí di òní. Ní ọdún 1957, àwọn tó ń tẹ́ ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìkọ́lé ní Ìta Yemòó kan àwọn ère idẹ mìíràn, títí kan ère ọba àti olorì tí wọ́n so apá kọ́ra. Ilé ni gbogbo wọn fẹ́ kọ́ o, wọn kò wá ère. Ní Igbó Olókun, onímọ̀ ìwalẹ̀ Abídèmí Babátúndé Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fara balẹ̀ wa ibi díẹ̀, wọ́n sì rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Àyẹ̀wò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ ló ń ṣe gíláàsì náà fúnra wọn ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé láti òkèèrè nìkan ni gíláàsì fi ń dé ilẹ̀ wa. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ńlá ṣe jáde látinú ohun tí ọwọ́ ọmọdé lè gbá dànù.

Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìn sísàlẹ̀. Ẹ mọ àpáàdì tí àwọn baba wa fi tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà, èyí tí ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba, ló pàṣẹ rẹ̀. Ibi púpọ̀ wà tí àgbàrá òjò nìkan ti tó láti hú u síta. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé wọ́n to àpáàdì náà ní ìdúró, wọ́n kọ etí rẹ̀ sókè, wọ́n fún ọ̀kan mọ́ èkejì típẹ́típẹ́, wọ́n sì to òkúta funfun wẹ́wẹ́ sáàárín wọn ní ìlà ìlà. Bí ọkọ́ bá ti ba bí wọ́n ṣe tò ó yẹn jẹ́, àpáàdì lásán ló kù sí yín lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí yóò lè sọ mọ́ bóyá àgbàlá ọba ni tàbí ojúbọ, tàbí ohun tó dúró lórí rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ògiri alámọ̀ àtijọ́ ní àdúgbò yín yóò rí àpáàdì tó yọrí níbẹ̀, nítorí pé inú ilẹ̀ tí àwọn ará ìṣáájú ti gbé ni wọ́n ti wa amọ̀ tí wọ́n fi mọ ọ́n.

Òfin pàápàá kò gbojú kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ sọ pé ẹni tó bá fẹ́ wa ilẹ̀ nítorí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ẹni tó bá sì ṣèèṣì kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ẹnuwá kò jìnnà sí yín. Ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀ èrò yín dára, a kò sì fẹ́ kó kú. Ohun tí a rò pé ó yẹ ni pé kí ẹ wá ilẹ̀ tí wọ́n ti là tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìlú, àwọn kòtò ńlá wà tí àwọn onítípà ti ń kó ilẹ̀ pupa fún ojú títì àti ìpìlẹ̀ ilé. Bí àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀ bá yẹ irú kòtò bẹ́ẹ̀ wò, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i pé ibùgbé àwọn ará ìṣáájú kò sí níbẹ̀, ògiri rẹ̀ ti tó ohun tí àlejò yóò rìn wá wò láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ dúró níwájú irú ògiri bẹ́ẹ̀ nígbà tí oòrùn bá kọjú sí i. Lókè pátápátá ni ilẹ̀dú, kì í sábà nípọn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ó kún fún gbòǹgbò tín-ín-rín àti ìgbẹ́ ekòló. Lábẹ́ rẹ̀ ni òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́ lọ gbọrọ, òkúta funfun tó fọ́ ṣẹ́kúṣẹ́kú àti kóro yangí tó dúdú mọ́ pupa. Ikán àti ekòló ló fà á, nítorí pé ọdọọdún ni wọ́n ń gbé erùpẹ̀ kíkúnná gòkè wá láti ìsàlẹ̀, wọn kò sì lágbára òkúta. Òkúta wá ń wà nílẹ̀, erùpẹ̀ ń gun orí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni amọ̀ pupa, tí irin tó dípẹtà sínú rẹ̀ pa láró. Bí ẹ bá tún sọ̀kalẹ̀, pupa á dà pọ̀ mọ́ funfun àti pupa rúsúrúsú, ẹ ó sì wá kan ohun tí ìlà àpáta wà lára rẹ̀ gedegbe, àmọ́ tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á fọ́ sí yín lọ́wọ́. Àpáta tó ń di ilẹ̀ nìyẹn. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ènìyàn tó dé orí ilẹ̀ ayé, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹ ti dúró níwájú rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ tilẹ̀ fi orúkọ ìlú wa pe àwọn irú ilẹ̀ wọ̀nyí: wọ́n ní ilẹ̀ Ìwó, ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, ilẹ̀ Oǹdó, àti ilẹ̀ Ìtagunmódì lápá Ìlésà, èyí tí ó pupa gidigidi, tí ó jẹ́ amọ̀ lọ sísàlẹ̀ láìfi bẹ́ẹ̀ ní òkúta nínú. Ó yẹ kí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wà lára pátákó tí ẹ bá máa gbé síbẹ̀.

Ní ti ààbò, ẹ má fi ojú kékeré wo mítà mẹ́fà. Ilẹ̀ tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan wúwo tó tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ sí méjì. Ẹni tí ògiri kòtò bá ya bò dé àyà lásán lè má rí èémí fà mọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin iṣẹ́ sọ pé kòtò tó bá ti jìn tó mítà 1.5 gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò dá ògiri rẹ̀ dúró tàbí kí wọ́n dẹ ògiri náà sẹ́yìn, àyàfi bí ó bá jẹ́ àpáta líle. Èyí tó bá ju nǹkan bíi mítà 6 lọ, ẹnjiníà tó gba ìwé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ ṣe ètò rẹ̀. Èyí tí ẹ dárúkọ ti dé ẹnu ààlà yẹn. Ẹ wá ẹnjiníà tí COREN, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó gé ògiri náà ní ìpele ìpele, kí ìpele kọ̀ọ̀kan má ga ju ọmọ ènìyàn lọ. Ẹ fi òrùlé tó fẹ̀ bò ó, kí etí òrùlé náà sì ré kọjá etí kòtò dáadáa, nítorí pé òjò ni ọ̀tá ògiri tí a kò rẹ́: ilẹ̀ pupa tó le bí òkúta nígbà ọyẹ́, ó lè rọ̀ ní oṣù kẹsàn-án kí ó sì ya wálẹ̀ lójijì. Ní Xi'an ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ tó ń gbẹ́ kànga ti kan ẹgbẹẹgbẹ̀rún ère ọmọ ogun alámọ̀ ní ọdún 1974, òrùlé ńláńlá ni wọ́n fi bo kòtò náà, àwọn àlejò sì ń rìn lórí ọ̀nà tí wọ́n ṣe sí etí rẹ̀, láìfẹsẹ̀ kan ibi tí àwọn ère wà. A fẹ́ kí ẹ̀yin náà ya ibì kan sọ́tọ̀ fún fífọwọ́kàn, kí ẹ sì fi okùn dí ìyókù, nítorí pé ọwọ́ ẹgbẹ̀rún àlejò ju ọwọ́ òjò lọ.

Ìbéèrè: Mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọmọ Ifẹ̀ ni mí. Ohun tí a ń sin ni ilẹ̀. Àwọn tó lọ ṣáájú wa, inú ilẹ̀ ni wọ́n wọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí láṣẹ láti máa là á fún ìran wíwò? — *Bàbá àgbà kan, Ìrẹ̀mọ, Ilé-Ifẹ̀*

Ìdáhùn: Bàbá wa, ẹ kú àgbà, kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí. Ilẹ̀ Ọ̀gẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí ni àwọn baba wa ń kì í, nínú oríkì yẹn pẹ̀lú sì ni a ti mọ̀ pé ọkọ́ kì í ṣe àjèjì sí i. A ń gbẹ́ ilẹ̀ fún isu, fún kànga, fún ìpìlẹ̀ ilé àti fún òkú. Ohun tí ẹ bi wá léèrè ni ibi tí a ó gbẹ́ àti ẹni tí a ó kọ́kọ́ bi, a sì gbà pẹ̀lú yín pátápátá lórí rẹ̀. Igbó orò, ojúbọ, ibojì àti ibi tí ìdílé kan bá sọ pé baba ńlá wọn ti wọlẹ̀, a kò rí ìdí kankan tí ọkọ́ olówò fi yẹ kó débẹ̀, bí owó ibẹ̀ ti wù kó pọ̀ tó. Ní ti kòtò tí wọ́n ti là lẹ́yìn ìlú, a ṣì rò pé ó yẹ kí wọ́n wá bá yín àti àwọn ìjòyè àdúgbò, kí wọ́n fi omi tútù tu ilẹ̀ lójú bí a ti ń ṣe, kí ẹ sì sọ ìtàn ibẹ̀ fún wọn. Bí àlejò bá sọ̀kalẹ̀ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti ẹnu àgbà, ààbọ̀ ohun tó wá wò ló rí.

Ìbéèrè: Mo kí yín o. Mo ń kọ́ nípa yíya àwòrán ilé. Mo ti kà nípa Coober Pedy ní Australia, níbi tí àwọn awakùsà ti ń gbé inú ilé abẹ́ ilẹ̀ nítorí ooru. Ṣé abẹ́ ilẹ̀ ní Ifẹ̀ náà yóò tutù bẹ́ẹ̀, tí a kò fi ní nílò ẹ̀rọ amúlétutù? — *Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀*

Ìdáhùn: Ìbéèrè ọmọ tó ronú nìyí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilẹ̀ ni pé ooru ọ̀sán àti òtútù òru kì í wọlé jìn. Bí o bá ti sọ̀kalẹ̀ ní mítà díẹ̀, ilẹ̀ á dúró sórí ìwọ̀n kan ṣoṣo tó sún mọ́ àròpín ooru gbogbo ọdún ní ìlú náà. Ní Coober Pedy, ooru ọ̀sán máa ń kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, òru sì máa ń tutù gan-an nígbà òtútù, nítorí náà àròpín yẹn tu ara. Ní Ifẹ̀, ooru kì í yí padà púpọ̀ láàárín ọdún. Àròpín tiwa wà ní nǹkan bí 26, inú ilẹ̀ rẹ á sì wà ní àyíká rẹ̀. Ní ọ̀sán oṣù kejì, ìtura ni fún ẹni tó ti ìta wọlé. Ní òru ọyẹ́, yóò gbóná ju ìta lọ. Má ṣe ṣèlérí òtútù fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó yẹ kó jẹ ọ́ lọ́kàn jù ni ọ̀rinrin. Afẹ́fẹ́ inú ilẹ̀ wa kún fún omi, èémí àlejò tún ń fi kún un. Ní Lascaux ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n rí ihò kan ní ọdún 1940 tí àwòrán ẹranko tí àwọn ará ìgbà láéláé kùn wà lára ògiri rẹ̀. Wọ́n ṣí i fún àwọn àlejò ní ọdún 1948, ṣùgbọ́n èémí wọn àti iná tí wọ́n tàn mú kí ohun tútù aláwọ̀ ewé hù lára ògiri, wọ́n sì tì í ní ọdún 1963. Ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983, ni àwọn èrò wá ń lọ wò. Nítorí náà, jẹ́ kí iná rẹ kéré, irú èyí tí kì í gbóná, kí ó sì máa kú bí èrò bá ti jáde. Jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ní ọ̀nà méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀ tí yóò gbà wọlé, èkejì lókè tí yóò gbà jáde. Bí o bá rí ewé tútù kéékèèké tó ń hù yí iná ká lára ògiri, iná náà ti pẹ́ jù. Má sì ṣe kun ògiri náà ní ọ̀dà kí ó lè máa dán. Omi tó wà nínú ilẹ̀ á wá ọ̀nà àtijáde, á sì bó ọ̀dà náà tòun tèrùpẹ̀.

Ìbéèrè: Ilé ìwé àwọn ọmọ mi fẹ́ kó wọn lọ síbi tí wọ́n á ti wọ kòtò kan lọ láti kọ́ nípa ilẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n bọ́ bàtà, kí ẹsẹ̀ wọn lè kan ilẹ̀ gan-an. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n lọ? — *Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Parakin, Ilé-Ifẹ̀*

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú àbójútó ọmọ. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ dù wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí bàtà wà lẹ́sẹ̀ wọn. Aràn kan wà tó jẹ́ pé inú ilẹ̀ tútù tí wọ́n ti ṣu ìgbẹ́ sí ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Awọ àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń lu wọ ara, á wá ibùgbé sínú ìfun, á sì máa fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà mu. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi kan ilẹ̀, kí wọ́n sì fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà. Ẹ wo ìwé àjẹsára wọn bóyá ti tẹ́tánọ́ọ̀sì ti pé. Ọmọ tí mímí máa ń ṣòro fún nígbà ọyẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọlé láìní oògùn rẹ̀ lápò.

Ẹ bi ilé ìwé náà bóyá ọ̀nà àbájáde méjì wà. Ẹ tún bi wọ́n ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, nítorí pé èéfín rẹ̀ kì í rùn tó bí ó ti lágbára tó, ó sì máa ń rọra kún inú kòtò. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ti kú sínú kànga lórílẹ̀-èdè yìí nítorí pé wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀, àwọn tó wọlé láti yọ wọ́n sì kú tẹ̀lé wọn. Bí ẹni tó ń mú àwọn ọmọ lọ kò bá lè dá yín lóhùn lórí èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró sílé.

Láàárín àkókò náà, àwọn ibi mìíràn wà tí wọ́n lè kọ́kọ́ dé: ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ẹnuwá, ilẹ̀ alápáàdì ní Ìta Yemòó, àti ilé àkójọpọ̀ ẹ̀dá àti ohun àdánidá tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní Wageningen ní orílẹ̀-èdè Netherlands, àwọn onímọ̀ ti gé ògiri kòtò láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, wọ́n sì gbé e kọ́. Ó lé ní 1,000 irú rẹ̀ tí wọ́n ní. Ó wù wá kí ẹnìkan ṣe irú rẹ̀ fún ilẹ̀ Ifẹ̀, kí ọmọ kékeré lè fọwọ́ kàn án láìwọ kòtò rárá. Nílé, ẹ bu ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yín dé ìdajì ìgò tó mọ́ gaara, ẹ da omi lé e, ẹ mì í jìgìjìgì, ẹ sì gbé e sílẹ̀. Iyanrìn á sọ̀kalẹ̀ kí ẹ tó ka ọgọ́ta. Amọ̀ ni yóò kẹ́yìn, omi náà sì lè máà tòrò títí di ọjọ́ kejì.

Ìbéèrè: A jẹ́ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan ní Ìlésà. Àwọn tó ń wa góòlù ti fi kòtò sílẹ̀ káàkiri agbègbè wa. A gbọ́ pé wọ́n sọ ibi ìwakùsà di ibi ìgbafẹ́ ní òkèèrè. Ṣé àwa náà lè tún ọ̀kan nínú wọn ṣe? — *Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìlésà*

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ẹ gbọ́. Ní Turda ní orílẹ̀-èdè Romania, wọ́n ṣí ibi ìwakùsà iyọ̀ àtijọ́ fún àwọn èrò ní ọdún 1992, ọkọ̀ ojú omi kékeré àti àgbá yíyí tí àwọn ọmọdé ń gùn sì wà nínú rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n iyọ̀ líle ni ògiri Turda, àwọn tó sì gbẹ́ ẹ ní ètò tó dá òrùlé rẹ̀ dúró. Èyí tó pọ̀ nínú kòtò góòlù tiyín wà ní àfonífojì àti etí odò, nínú iyanrìn àti amọ̀ tí omi kó wá síbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ ní kánkán, wọ́n sì máa ń gbẹ́ abẹ́ ògiri wọ inú, débi pé ilẹ̀ tí ẹ dúró lé lórí lè jẹ́ èèpo lásán. Ẹ má ṣe wọ ọ̀kankan nínú wọn, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa lúwẹ̀ẹ́ nínú omi wọn. Níbi púpọ̀ lágbàáyé tí àwọn ènìyàn ti ń fi ọwọ́ wa góòlù, mákíúrì ni wọ́n fi ń kó góòlù jọ, májèlé rẹ̀ sì máa ń wà nínú ẹrẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ tán.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe nǹkan, ẹ lọ wá kòtò ilẹ̀ pupa ní ibi gíga, irú èyí tí a ṣàlàyé fún ará Ìlódè lókè. Ní apá Ìtagunmódì, pupa ilẹ̀ yín nìkan tó ìdí tí ènìyàn fi lè wá. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó ni ilẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ fún ìwé àṣẹ, kí ẹ sì mú ẹnikẹ́ni tó mọ̀ nípa ilẹ̀ dání lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí òjò bá pọ̀ jù lóṣù kẹsàn-án, lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí omi bá ṣì wà nísàlẹ̀ kòtò náà lóṣù kejì ọdún, ẹ wá òmíràn.